Ọmọ tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún fẹ́ kúrò ní kílíníkì ọmọdé: kí ni kí ìyá rẹ̀ ṣe?

Ìbéèrè: Ìyá kan tó ń gbé ní Peckham, ní London, ló kọ̀wé sí wa. Bàbá ọmọkùnrin rẹ̀ ló fún ọmọ náà ní kíndìnrín kan nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 9. Ọmọ ọ̀hún ti pé 17 báyìí, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, àmọ́ ilé ìwòsàn ọmọdé ti sọ pé tó bá pé 18 ní oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, àwọn máa fà á lé ilé ìwòsàn àgbà lọ́wọ́. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ló sì fẹ́ wọ yunifásítì ní Leeds. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, èmi ni mo ń fún un lóògùn láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Bí kíndìnrín náà ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa láti ọdún mẹ́jọ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni. Ìbẹ̀rù yín ní ìdí, a ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀: àárín ọmọ ọdún 17 sí 24 ni kíndìnrín tí wọ́n fi sára ọ̀dọ́ máa ń bàjẹ́ jù lọ. Àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ní Amẹ́ríkà ló fi èyí hàn. Oògùn tí ọ̀dọ́ ń fò wà lára ohun tó ń fà á jù.

Ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo kọ́ ló máa sọ ọmọ yín di aláìsàn tó lè dá tọ́jú ara rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin ń ṣe lójoojúmọ́ ni ẹ máa gbé lé e lọ́wọ́, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ẹ sì ní láti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tó ṣì ń sùn nílé yín, tí àṣìṣe rẹ̀ á tètè hàn síta. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní England, gbé jáde ní 2016 tiẹ̀ sọ pé kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò yìí nígbà tí ọmọ bá wà ní ọmọ ọdún 13 tàbí 14. Tí ẹnikẹ́ni ò bá tíì bá yín sọ ọ́, ẹ bi wọ́n ní kílíníkì pé, "Ta ni ẹni tí ẹ yàn fún ọmọ mi lórí ọ̀rọ̀ ìkọjá sílé ìwòsàn àgbà?" Ìlànà náà ní kí ẹnì kan wà tí orúkọ rẹ̀ hàn, tó máa dúró ti ọmọ ó kéré tán fún oṣù mẹ́fà ṣáájú ìkọjá àti oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí oògùn tí wọ́n fò ṣe ń ba kíndìnrín jẹ́, torí ọ̀pọ̀ òbí mọ̀ pé kò dáa, wọn ò mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ara ọmọ yín mọ̀ pé kíndìnrín bàbá rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, títí ayé ló sì máa mọ̀ ọ́n. Tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone, tàbí èyí tó ń lò nínú wọn, ló ń dá àwọn ọmọ ogun ara lẹ́kun kí wọ́n má gbógun tì í. Tí ìwọ̀n oògùn bá ń lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní antibody, tó dojú kọ kíndìnrín yẹn gan-an. Tó bá ti dé, ó ṣòro kó tó lọ. Á máa jẹ kíndìnrín náà díẹ̀díẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún. Ibì kankan ò ní dun ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní wú, á ṣì máa tọ̀ dáadáa. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ rí i, nígbà tí creatinine, ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín máa sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, bá ń gòkè. Ibi tí ọ̀dọ́ ti ń ṣìnà nìyẹn: ó fo oògùn lálẹ́ Sátidé, kò sí ohun tó ṣe é, ó tún fò ó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí ohun tó ṣe é, ó wá gbà lọ́kàn rẹ̀ pé àwọn àgbà kàn ń dẹ́rù ba òun ni.

Antibody yìí tún lè dojú kọ kíndìnrín ẹlòmíràn tó bá jọ ti àkọ́kọ́, tí èkejì á fi ṣòro rí. Ní Britain, àwa aláwọ̀ dúdú la máa ń pẹ́ jù lórí ìlà àwọn tó ń retí kíndìnrín, torí àwọn tó ń fi kíndìnrín sílẹ̀ nínú wa kò tó àwọn tó nílò rẹ̀. Ẹ sọ èyí fún un bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún àgbàlagbà, láìlo bàbá rẹ̀ láti fi dá a lẹ́bi. Ọmọ tó bá ń gbé gbèsè bàbá rẹ̀ lọ́rùn lójoojúmọ́ máa ń fi oògùn tó fò pa mọ́ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ó dáa. Ibi àpótí oògùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ Sunday, ẹ jókòó tì í, kí òun fúnra rẹ̀ to oògùn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin á kàn máa wò ó, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án. Tacrolimus máa ń fa ọ̀rinrin, nítorí náà kó má tú kápúsù rẹ̀ síta sílẹ̀ de ọ̀sẹ̀ kan. Kó fi sísọ́ọ̀sì gé e lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fọ́ìlì lára, kó wá fi sínú àpótí. Kó ka agbára tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sókè kó tó gbé e sílẹ̀. Tó bá jẹ́ Adoport, ọ̀kan lára orúkọ tí àwọn ilé iṣẹ́ fún tacrolimus, ló ń lò, tí dókítà sì kọ 3.5 mg láàárọ̀, kápúsù 1 mg mẹ́ta àti 0.5 mg kan ni. Àṣìṣe tó burú jù níbẹ̀ ni kéèyàn mú 5 mg níbi tó yẹ kó ti mú 0.5 mg, ìyẹn ìlọ́po mẹ́wàá. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, orí á máa fọ́, kíndìnrín fúnra rẹ̀ á sì jìyà, torí tacrolimus tó pọ̀ jù máa ń ṣe é léṣe.

Kó mọ orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún oògùn náà pẹ̀lú. Adoport àti Prograf, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Advagraf àti Envarsus, ẹ̀ẹ̀kan. Tacrolimus ni gbogbo wọn, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ kò dọ́gba. Láti 2012 ni àjọ MHRA, tó ń bójú tó oògùn ní Britain, ti ní kí àwọn dókítà máa kọ orúkọ yẹn sínú ìwé, kí famasí má sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Tí páálí tí wọ́n gbé fún un bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, kó má tíì gbé e lọ sílé. Kó dúró síwájú ẹni tó gbé e fún un, kó bèèrè.

Tó bá ti to oògùn fún oṣù kan láìsí àṣìṣe, ẹ má jókòó tì í mọ́. Ẹ kàn yẹ àpótí náà wò ní ọjọ́ Wednesday. Lẹ́yìn ìyẹn, òun ni kó máa béèrè oògùn tuntun lọ́wọ́ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, nígbà tó bá ṣẹ́ ku ti ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó máa pe nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ fún èsì àyẹ̀wò. Ẹ fún ìpele kọ̀ọ̀kan tó kù ní bí oṣù méjì. Tí ìwọ̀n oògùn inú ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò, ẹ pa dà sí ìpele tó ṣáájú, láìpariwo.

Bí ẹ ṣe ń bi í léèrè náà ṣe pàtàkì. Tí ẹ bá ní, "Ṣé o ti lo oògùn rẹ?", "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" ni ẹ máa gbọ́, ì báà lò ó, ì báà má lò ó. Ẹ bi í pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni oògùn fò ọ́ lọ́sẹ̀ yìí?" Ìbéèrè yẹn ti gbà pé èèyàn lè gbàgbé, òótọ́ á sì rọrùn láti sọ. Ìgbà tó bá sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá jọ wo ohun tó fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn alẹ́ ló máa ń fò, torí ọmọ ò tíì délé ní aago mẹ́jọ. Ẹ lè bá dókítà sọ ọ́ bóyá wọ́n lè gbé e sórí èyí tí wọ́n ń lò ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Tí oògùn bá fò ó, kó lò ó gbàrà tó bá rántí, àyàfi tí àkókò tó tẹ̀ lé e bá ti kù díẹ̀. Kó má sì lo ìlọ́po méjì láé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, kó má lo tacrolimus kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Kó mú un dání, kó lò ó lẹ́yìn náà. Fún ẹni tó ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan bíi wákàtí 12 lẹ́yìn oògùn alẹ́ ni wọ́n fẹ́ wò ó. Tó bá ti gbé e mì kó tó lọ, ìwọ̀n á ga ju bó ṣe wà lọ, dókítà lè tìtorí ẹ̀ dín oògùn kù, kíndìnrín á sì wà nínú ewu nítorí nọ́ńbà tí kì í ṣe òótọ́. Kó mọ nǹkan mẹ́ta sórí: creatinine rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá dá, ìwọ̀n tacrolimus tí dókítà ń fẹ́ fún un, àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kíndìnrín ní Britain ló ń gbé èsì sórí Patients Know Best, ìkànnì tí aláìsàn ti lè rí èsì àyẹ̀wò rẹ̀. Kí òun ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, kó má jẹ́ tiyín.

Ohun kan wà tó kan ìran wa gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ló ní irú àbùdá CYP3A5 tó máa ń tètè lo tacrolimus tán nínú ara. Ìdí nìyẹn tí oògùn ọmọ yín fi lè tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ tàbí ìlọ́po méjì ti ọmọ òyìnbó tí wọ́n jọ wúwo bákan náà. Kó lè ṣàlàyé èyí fún dókítà tuntun, kí ẹnikẹ́ni má bàa dín in kù kìkì torí pé ó pọ̀ lójú ìwé.

Ní kílíníkì àgbà, ọ̀pọ̀ nǹkan máa yí pa dà. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ lè jẹ́ ẹni ọdún 60 tàbí 70, àkókò tí dókítà ní lè má ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ọmọ yín ni wọ́n sì máa bá sọ̀rọ̀. Láti ọmọ ọdún 16 ni òfin England ti gbà kí èèyàn fọwọ́ sí ìtọ́jú ara rẹ̀. Tó bá ti pé 18, ẹ lè pe ilé ìwòsàn kí wọ́n ní àwọn ò lè bá yín sọ ọ́. Wọn ò rí yín fín o, bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn. Ohun tó yẹ ni pé kí ọmọ sọ fún wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì, pé òun gbà kí wọ́n máa bá ìyá òun sọ̀rọ̀. Ẹ jọ sọ ọ́ nílé ṣáájú, kó jẹ́ ìpinnu tirẹ̀.

A tọ́ àwọn ọmọ wa pé wọn kì í bá àgbà jiyàn, wọn kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ẹ̀kọ́ rere ni. Àmọ́ ní kílíníkì àgbà, ọmọ tó bá ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀, tó ń sọ pé "Yes, doctor", ohun tí dókítà máa kọ sílẹ̀ ni pé kò sí ìṣòro. Ẹ fẹnu ara yín sọ fún un pé bíbi dókítà ní ìbéèrè kì í ṣe àrífín. Láti ọjọ́ kílíníkì tó ń bọ̀, kó dá wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, kó mú ìbéèrè mẹ́ta dání lórí fóònù rẹ̀, kí ẹ̀yin tó wọlé. Kí wọ́n sì jẹ́ kó rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àgbà náà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan kó tó di pé ó kọjá sọ́dọ̀ wọn.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ èyí ni ohun tí wọ́n ṣe ní Oxford, tí wọ́n sì kọ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, BMJ, ní 2012. Nígbà tí wọ́n kàn ń fi lẹ́tà gbé àwọn ọ̀dọ́ kọjá, mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ló pàdánù kíndìnrín wọn. Lẹ́yìn tí dókítà ọmọdé àti ti àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rí wọn ní kílíníkì kan náà, tí òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀dọ́ sì wà pẹ̀lú wọn, ẹyọ kan ò bàjẹ́ nínú àwọn 12 tó tẹ̀ lé wọn. Àwọn èèyàn náà ò pọ̀, àmọ́ ìyàtọ̀ yẹn ga. Ẹ béèrè bóyá ilé ìwòsàn tí ọmọ yín ń lọ ní kílíníkì ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá wà, ibẹ̀ ni kó lọ, bó tiẹ̀ jìnnà díẹ̀.

Lẹ́tà ìkọjá ńkọ́? Kí ọmọ gba ẹ̀dà tirẹ̀, kó kà á, kó tún ohun tó bá ṣì ṣe. Ó gbọ́dọ̀ sọ àìsàn tó ba kíndìnrín tirẹ̀ jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹni tó fún un, bí ara wọn ṣe bára mu tó, bóyá kòkòrò àrùn CMV àti EBV ti wà lára olùfúnni àti lára tirẹ̀, gbogbo ìgbà tí ara ti gbìyànjú láti kọ kíndìnrín náà, àjẹsára tó ti gbà, àti oògùn pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Àìsàn ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń fojú fò jù. Tó bá jẹ́ pé ohun tó dí ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ láti inú oyún ló fà á, àpò ìtọ̀ rẹ̀ lè máà tú tán títí di òní, ó sì nílò dókítà tó ń rí sí ìtọ̀ nílé ìwòsàn àgbà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtọ̀ tó ń pa dà sẹ́yìn lè ba kíndìnrín tuntun jẹ́ bó ṣe ba ti àkọ́kọ́ jẹ́.

Ní ti Leeds, èrò wa ni pé kí ẹ má jẹ́ kó yí ilé ìwòsàn, ilé àti ilé ìwé pa dà lóṣù kan náà. NICE fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n má fi ọjọ́ orí nìkan pinnu ìgbà ìkọjá. Àkókò tí ara àti ìgbésí ayé ọmọ bá fara rọ ni kí wọ́n yàn. Tí ẹ bá bi wá, kó parí ìdánwò A-level, kó lọ rí kílíníkì àgbà ní London ní oṣù keje, kó sì dúró sọ́dọ̀ wọn fún ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Leeds ni wọ́n á ti máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, London á máa rí èsì. Àmọ́ kí London kọ̀wé sí St James's ní Leeds, níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ kíndìnrín, kí wọ́n mọ̀ ọ́n bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru. Kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP ní Leeds ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀dọ̀ GP kan ṣoṣo lèèyàn lè wà, tó bá wá sílé fún ọlidé, á lo GP Peckham gẹ́gẹ́ bí àlejò.

Owó oògùn máa ń bá ọ̀pọ̀ ìdílé lójijì. Ní England, ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ ọdún 16 sí 18 tó wà nílé ìwé. Ọjọ́ tó bá pé 19, owó bẹ̀rẹ̀, torí ìpààrọ̀ kíndìnrín nìkan kò sí lára àìsàn tí wọ́n yọ owó rẹ̀ kúrò. Ní 2025, £9.90 ni oògùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń lo mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó ra ìwé àsansílẹ̀ ọdún kan, £114.50, tàbí kó kọ fọ́ọ̀mù HC1, tí ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ fi ń béèrè ìrànwọ́, torí pé akẹ́kọ̀ọ́ ni. A ti rí ọ̀dọ́ tó ń pín oògùn oṣù kan sí méjì torí owó, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ilé wa wá kù. Kó má lo àgbo, ì báà jẹ́ ti ibà tàbí ti jẹ̀díjẹ̀dí; àwọn egbòogi kan ń gbé tacrolimus sókè, àwọn mìíràn ń fà á wálẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ìgò. Ibuprofen ò dáa fún kíndìnrín. Paracetamol ni kó lò. Èso ńlá kíkorò díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "grape" lójú títì ní Nàìjíríà, tó jọ ọsàn, grapefruit ni, ó sì máa ń gbé tacrolimus sókè. Kó má jẹ ẹ́ rárá. Ààwẹ̀ gbígbẹ tí kò ní omi nínú lè ṣe kíndìnrín léṣe, kó sì da àkókò oògùn rú. Kó bá dókítà sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹ̀yin náà bá pásítọ̀ tàbí àlùfáà sọ ọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kó jù oògùn sílẹ̀ láti fi hàn pé ó nígbàgbọ́, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ dìde sí i.

Tó bá fẹ́ wá sí Nàìjíríà, àjẹsára ibà pọ́njú (yellow fever) kò yẹ ẹ́, torí kòkòrò ààyè ló wà nínú rẹ̀. Dókítà máa kọ ìwé ìyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ìwé kì í dènà àrùn, nítorí náà kí wọ́n jọ wò ó bóyá ìrìn àjò náà pọn dandan. Kó lo oògùn tó ń dènà ibà ẹ̀fọn èyí tí àwọn dókítà kíndìnrín bá fọwọ́ sí. Kó gbé gbogbo oògùn sínú báàgì ọwọ́, pẹ̀lú ti ọ̀sẹ̀ méjì lé.

Ìbálòpọ̀ máa ń nira fún ìyá láti bá ọmọkùnrin sọ. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì sọ ọ́, kí ẹ sì jáde nínú yàrá. Tó bá ń lo mycophenolate, ìmọ̀ràn ní Britain ni pé kí òun tàbí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ lo ohun tó ń dènà oyún, títí di ọjọ́ 90 lẹ́yìn tó bá dá oògùn náà dúró. Fún ọmọbìnrin tó ń lò ó, ewu rẹ̀ fún oyún ga gan-an. Kó má mu igbó, kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní fungus, tó máa ń wà nínú rẹ̀, lè wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ọmọ ogun ara rẹ̀ ti dínkù. Tí ojú rẹ̀ bá wú tàbí rorẹ́ bò ó nítorí prednisolone, ẹ má ní kó má kà á sí. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń jáwọ́ nìyẹn, ó sì ṣeé bá dókítà sọ.

Kó fi nọ́ńbà kílíníkì ti ọ̀sán àti ti òru sínú fóònù rẹ̀, kó sì fún ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń gbé ní Leeds. Kó pè lọ́jọ́ náà gan-an tí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38, tó bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru tí oògùn ò dúró, tí ìtọ̀ rẹ̀ bá dínkù, tí ibi tí kíndìnrín náà wà nínú ikùn bá ń dùn ún, tàbí tí oògùn bá ti fò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tó bá ní òun ò fẹ́ da àwọn nọ́ọ̀sì láàmú lóru, ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n fún nìyẹn.